Kòtò tí Hrefna Gbẹ́

Ọjọ́ tí Hrefna gbé ṣọ́bìrì dé oko wa ní Hvammur,
Ketill bàbá mi káwọ́ pọ̀nyìn lẹ́nu ọ̀nà.
"Koríko ni mo ní kí o wò," ó ní,
"n kò ní kí o wá gbẹ́ sàréè."
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ẹ̀wù òjò,
ó sì fi irin lalẹ̀.

Ilẹ̀ erékùṣù wa kì í ṣe àgbà.
Iná ló pọ̀ ọ́ jáde láti ikùn òkè:
àpáta ṣàn bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ń hó, ó tutù, ó dúdú,
kò sí ohun tó hù lórí rẹ̀ àfi sùúrù.
Lẹ́yìn èyí, nǹkan kan bí làpálàpá mú òkúta lára,
eléérú, olómi ọsàn, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.
Omi yọ́ wọ ojú ìlà, òtútù sọ ọ́ di yìnyín,
ó wú, ó la òkúta bí àáké ṣe ń la igi.
Bí ẹnìkan bá bí ọmọ lọ́jọ́ náà,
tí ọmọ náà bí ọmọ, tí ọmọ ọmọ náà hu ewú,
ohun tí wọn ó bá nílẹ̀ kò ní kún ṣíbí.

Kòtò dé àyà Hrefna. Ó nawọ́ fà mí wọlé.
Lókè, gbòǹgbò so kọ́ra bí irun tí a kò yà.
Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.
Ìlà funfun kan là á kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn:
eérú òkè kan tó bínú nígbà ayé baba ńlá mi.
Dúdú mìíràn wà nísàlẹ̀, tó ti bọ́ sílẹ̀
kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ̀ gúnlẹ̀ síbí.
Ọdún méje ni mo fi lọ ilé ẹ̀kọ́,
n kò mọ̀ pé abẹ́ bàtà mi ní ojú ìwé.

Èédú wà láàárín wọn.
Igi tí àwọn tó kọ́kọ́ dé sun, kí àgùntàn lè rí pápá.
Láti ibẹ̀ lọ sókè, erùpẹ̀ nípọn, ó kún fún yanrìn.
"Ọrọ̀ nìyẹn," ni mo wí.
"Rárá o. Ohun tí afẹ́fẹ́ jí lóko ẹlòmíràn ni."

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tutọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò rà á.
Kò lẹ̀ bí amọ̀. Ó kàn yọ̀ lójijì, bí ọ̀rá.
Ó ní gbogbo ilẹ̀ ló ní orúkọ ìdílé:
ti pápá àlìkámà, dúdú, ọlọ́ràá;
ti ilẹ̀ olóoru tí òjò ti fọ̀ títí tó fi ku ìpẹtà irin;
ti àbàtà, tí ewé kò ti lè jẹrà tán.
"Tiyín, ọmọ eérú."

Bàbá mi sọ̀rọ̀ láti òkè: "Orúkọ kì í bọ́ àgùntàn.
Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń da ajílẹ̀ sí i,
ewé ṣì ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn."

"Fọ́sífétì tí ẹ dà wà níbẹ̀, Ketill.
Ilẹ̀ yín ló háwọ́.
Ahun tó tẹ́ ẹní lé owó, tí ọmọ ń febi sùn lórí rẹ̀.
Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fún un ní díẹ̀, lẹ́bàá gbòǹgbò,
kí ẹ po ìgbẹ́ ẹran mọ́ ọn."
Ó nu ọwọ́.
"Kí àgùntàn sì kúrò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn.
Ibi tó bá ti dá, afẹ́fẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn."

Kò dáhùn. Kọfí ló lọ gbé wá.
Nígbà tí obìnrin náà lọ, òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀,
ó fi ìka tọ ìlà funfun náà láti igun dé igun.
Ó dí kòtò náà: ti ìsàlẹ̀ sísàlẹ̀, ti òkè sókè,
kò jẹ́ kí n tẹ koríko tó dá padà.
Lálẹ́, ó ka àgùntàn wa. Ó tún wọn kà.
Ó ní mọ́kànlélógún yóò lọ sọ́jà.